Búbà Tí A Rán fún Màmá Ofosu

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní ọdún tí bàbá mi fi ọkọ̀ ìjàpá wọn gbé màmá mi láti Ìdànrè lọ sí Ofosu, tí gbogbo àwa yòókù tí a wà nínú ọkọ̀ náà sì mọ ohun kan tí màmá mi nìkan kò mọ̀. Mo ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé mo mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn ní ẹsẹẹsẹ, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ìrìn-àjò yẹn, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Àwọn àbúrò mi tí wọn kò tíì dáyé nígbà náà ti sọ ọ́ di àwàdà ìdí oúnjẹ. Wọ́n á ní bàbá mi bú sẹ́kún. Bàbá mi kò sunkún. Wọ́n á ní Ìyá Aládé sá wọ inú igbó; ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n sá sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ilé wa wà ní ẹsẹ̀ òkúta ńlá kan. Bí òjò bá dá, omi á máa ṣàn wálẹ̀ lára òkúta náà bí òwú funfun. Bí wọ́n bá sì pe ọmọ kan ní àgbàlá wa, òkúta á tún un pè, tó fi jẹ́ pé kò sí ọmọ tó lè sọ pé òun kò gbọ́. Agogo àdúrà Bàbá ló ń jí wa láàárọ̀, nítorí Aládùúrà ni wá. Ìró ọlọ ata Màmá á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ìró ẹsẹ̀ mi nínú kòkó tí a sá sórí sìmẹ́ńtì. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn ní họlidé: kí n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tú kòkó kí gbogbo ara rẹ̀ lè rí oòrùn, kí n sì máa lé adìyẹ. Bàbá ń wọn kòkó fún àwọn tó ń rà á. Màmá ń ta aṣọ ní iwájú ilé. Ìyá tó bí màmá mi, Màmá Ofosu, ń gbé ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Benin. Ilẹ̀ Ìdànrè kan náà ni, ṣùgbọ́n igbó wà láàárín, ọkọ̀ wa sì gbọ́dọ̀ yípo gba Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí màmá mi kò tíì fojú kan ìyá wọn. Oyún kan bọ́ lára wọn ní ọdún àkọ́kọ́; ní ọdún kejì wọ́n tún lóyún, ó ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ilé. A kì í pariwo létí wọn. Bí àwo bá fẹ́ já bọ́ lórí tábìlì, Bàbá á ti sáré gbá a mú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ: "Lẹ́nu oníṣẹ́, kò sí òkú, aláìsàn nìkan ló wà." Ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn ènìyàn wa kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ni lójú. Bí ẹni rẹ bá kú ní ibi tó jìn, wọ́n á ránṣẹ́ sí ọ pé ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, kí o máa bọ̀. Oníṣẹ́ náà kò ní jókòó, kò ní jẹ, kò ní mu, kò sì ní lè wò ọ́ lójú. Àwọn tó sún mọ́ ọ á wá mú ọ lọ sílé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin dání, títí o fi máa dé àárín ẹbí kí o tó gbọ́. Àṣà tó dára ni, n kò bú u. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìṣubú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó pákó dúró níwájú ilé wa. Awakọ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí fìlà, ó béèrè Bàbá Dúpẹ́. Èmi ni Dúpẹ́. Màmá gbé omi tútù jáde fún un. Ó ní rárá, ó dúpẹ́. Wọ́n ní kó jókòó, kó fi iṣu díẹ̀ panu. Ó tún ní rárá, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń fèsì. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tutọ́. Nígbà tí Màmá gbé omi wọn wọlé padà, ó sún mọ́ Bàbá létí ibi tí mo ti ń tú kòkó. "Láti Ofosu ni mo ti ń bọ̀," ni ó wí. "Ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ mú ìyàwó yín wá." Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Bàbá dúró sí ojú kan náà títí èéfín ọkọ̀ fi tán. Fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u. Èmi kò ronú kan ohunkóhun. Mo rò pé bí wọ́n bá ní ara ènìyàn kò yá, ara rẹ̀ kò yá náà ni.

Nígbà tí Màmá béèrè ohun tí ọkùnrin náà wá ṣe, Bàbá ní ọ̀rọ̀ kòkó ni. Lẹ́yìn náà, bí a ṣe ń jẹun ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní, "Ìyá Dúpẹ́, jẹ́ ká lọ kí àwọn ènìyàn wa. Lọ́la a ó yà ní Aládé, a ó sùn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ní Oǹdó, tó bá di Sátidé a ó wà lọ́dọ̀ Màmá." Màmá gbé òkèlè wọn sílẹ̀. Bàbá mi kì í sinmi, wọn kì í rìnrìn-àjò fàájì. "Kí lẹ mu lónìí, Bàbá Dúpẹ́?" ni Màmá bi wọ́n, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò jẹun tán. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n gé léèsì aláwọ̀ òféfèé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú tipẹ́, wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn ní Oǹdó yóò fi rán búbà fún Màmá Ofosu. Bàbá ń wo ẹnu sísọ́ọ̀sì náà bó ṣe ń gba inú aṣọ kọjá.

Ní Aládé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin la yà sí, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Aládé. Obìnrin tó ga ni wọ́n, tí ohùn wọn máa ń dé ojúde kí àwọn fúnra wọn tó jáde. Wọ́n gún iyán iṣu tuntun fún wa, wọ́n fi ẹran ìgbẹ́ sí i, wọ́n sì ń fi màmá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn yìí tóbi jù, ó dájú pé ìbejì tó gbọ́n ju bàbá wọn lọ ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá ní kí wọ́n wá wo nǹkan kan lẹ́yìnkùlé. Èmi ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ògiri, mo ń lé adìyẹ kúrò nínú kòkó, nítorí pé mi ò lè rí kòkó kí n má lé adìyẹ. Èdè Ìdànrè ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Ofosu ti lọ," ni Bàbá wí.

"Ta ló sọ?"

"Oníṣẹ́ wá lánàá. Ó ní ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Kò jókòó, kò mu omi, kò lè wo ojú ìyàwó mi."

"Ó tán," ni Ìyá Aládé wí.

Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lérí, wọ́n ya ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. N kò tíì rí i rí kí àgbàlagbà ké láìní ohùn. Mo fẹ̀yìn rìn, mo jókòó lu àwo omi adìyẹ, ó dàánù, wọ́n sì rí mi. Ìyá Aládé di èjìká mi mú. "Ohun tí o gbọ́, gbé e mì," ni wọ́n wí. "Bí ìyá rẹ bá gbọ́ ọ lójú ọ̀nà, oyún yẹn lè bọ́. Ṣé o fẹ́ kó bọ́?" Mo ní rárá. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n wọlé lọ bá màmá mi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikùn wọn ṣe yẹ̀yẹ́, pẹ̀lú ohùn kan náà. Wọ́n ní àwọn náà yóò bá wa lọ, ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí Màmá Ofosu. Nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, mo rí etí aṣọ dúdú lábẹ́ ìró àńkárá tí wọ́n ró. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ pé kí wọ́n má purọ́. Ọjọ́ náà ni èmi fúnra mi kọ́kọ́ rí i pé irọ́ lè jẹ́ iṣẹ́ tí gbogbo ilé jọ ń ṣe pẹ̀lú ìfẹ́.

Kí n má fà á gùn jù, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Oǹdó. Ìyá Bísí, ọ̀rẹ́ màmá mi tó jẹ́ aránṣọ, kí wa tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bàbá pè wọ́n sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n fi ibùsùn wọn sílẹ̀ fún màmá mi, wọn kò sì lè jẹun. Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá kó léèsì náà fún wọn. Kò sí ìwọ̀n kankan nínú ìwé. Orí ni Màmá ti ń pè é. "Rán an kó fẹ̀ dáadáa o," ni wọ́n wí. "Màmá mi sanra ní apá. Wọn ò fẹ́ kí aṣọ fún wọn lábíyá." Wọ́n na apá tiwọn láti fi hàn án, wọ́n ní kó fi ìka mẹ́ta kún un. Ìyá Bísí jókòó sídìí maṣíìnì, wọ́n ń rán búbà fún òkú, ẹni tó ni òkú dúró tì wọ́n, ó ń sọ bí yóò ṣe bá a mu. Omi ń bọ́ lójú wọn sórí abẹ́rẹ́.

"Ìyá Bísí, kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Eruku aṣọ ni."

"Aṣọ mi ò léruku o. Lọ bi àwọn tó ń rà á," ni Màmá wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n di ikùn mú. Èmi kò lè dúró síbẹ̀. Mo jáde lọ sí ojúde, mo lọ ń ka ọkọ̀.

Láti Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Màmá ra àgbàdo sísè àti àgbọn fún wa, wọ́n ń bu tiwọn sẹ́nu Bàbá bí ọwọ́ Bàbá ṣe wà lórí ìtọ́kọ̀. Wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá ìyá wọn sọ. Màmá Ofosu yóò wá sí Ìdànrè láti wẹ ọmọ tuntun. Màmá Ofosu yóò kọ́ wọn ní ọbẹ̀ kan tí wọ́n ti gbàgbé. Yóò, yóò, yóò. Gbogbo "yóò" yẹn ń bọ́ sí mi láyà bí òkúta. Ní àkókò kan, wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ kan orúnkún mi, wọ́n ní, "Dúpẹ́, kí ló ṣe ọ́ tí o ò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Ìyá Aládé tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn. Mo ní àgbàdo ló yó mi.

Ní Ọ̀rẹ̀, àbúrò màmá mi ọkùnrin, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, wà lábẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń tún ṣe, nítorí mẹkáníìkì ni wọ́n. Bàbá nìkan ló sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Mo rí i tí sípánà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bá wa wọ ọkọ̀ pẹ̀lú òróró ọkọ̀ lára, wọ́n jókòó tì mí. Màmá bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ti rí Màmá Ofosu gbẹ̀yìn.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Àǹtí mi."

"Díẹ̀ bí i ti ìgbà wo?"

"Láti Àjíǹde."

"Láti Àjíǹde, ìwọ tí o wà nítòsí báyìí? Jẹ́ kí n débẹ̀. Màá fẹjọ́ rẹ sun Màmá, wọ́n á fa etí rẹ bí ti tẹ́lẹ̀."

Bùrọ̀dá Káyọ̀dé yí ojú sí fèrèsé. Láti ibẹ̀ dé Ofosu, ọkùnrin tó ti ní irùngbọ̀n yẹn ń jẹ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bí ọmọdé.

Bàbá kò wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n dúró sí ẹ̀bá òkìtì pákó kan tó jìnnà díẹ̀ sí ilé náà. Ìyá Aládé di apá ọ̀tún màmá mi mú, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé di tòsì, Bàbá dúró sẹ́yìn wọn, bí a ṣe ń ṣe é kí ẹni náà má bàa ṣubú. Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀, mo lè rìn." Ìyá Aládé kò fi wọ́n sílẹ̀. Màmá wo ọwọ́ tó wà ní apá ọ̀tún wọn, wọ́n wo ti apá òsì. Wọ́n wo ojú àbúrò wọn. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé kò lè gbé e mì mọ́; wọ́n ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú," igbe sì gba ẹnu wọn. Mo rí i bí ó ṣe yé màmá mi. Ojú wọn kàn ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n jókòó sínú ẹrẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n di búbà léèsì náà mọ́ àyà. "Màmá mi," ni wọ́n ń wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màmá mi." Ìyá Aládé tú ìró àńkárá sílẹ̀, aṣọ dúdú hàn, wọ́n ní kí a sunkún dáadáa.

Bí a ṣe wà nínú rẹ̀ nìyẹn tí ohùn kan fi ti ẹ̀gbẹ́ ilé jáde.

"Ta ló kú nínú ilé mi?"

Màmá Ofosu ló dúró níbẹ̀, pẹ̀lú igbá ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó lọ́wọ́. Ìyá Aládé kígbe orúkọ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti sá dé ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ìkẹta tó tán. Bùrọ̀dá Káyọ̀dé kò lè dìde, kò lè jókòó. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ẹni tó máa ń ronú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ bí a ṣe ń kí ìyá ìyàwó, wọ́n sì wà níbẹ̀. Wọn kò gbé orí. Màmá mi nìkan kò bẹ̀rù. Wọ́n fi ìdí wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wò bóyá iṣu jinná.

Màmá Ofosu wo aṣọ dúdú, wọ́n wo ọkọ ọmọ wọn nínú ẹrẹ̀, wọ́n wo omijé wa. Obìnrin tó mọ àṣà ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Mo ní ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá," ni wọ́n wí. "Ara mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ yá. Ibà ni. Kí ni ǹ bá ti sọ?"

Màmá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ìyá wọn ni wọ́n bá wí. Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Bàbá Dúpẹ́, ọjọ́ méjì ni mo fi ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì lẹ fi ń wo ẹnu mi." Bàbá ní nítorí oyún ni. Màmá ní àwọn mọ̀. Wọ́n wá wo èmi náà, wọ́n ní, "Dúpẹ́ pẹ̀lú?" Nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, ìbéèrè yẹn ló pẹ́ lára mi jù.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, awakọ̀ akẹ́rù náà yọ láti ilé kejì, ó mú àwo wá gba àkàrà tí Màmá Ofosu máa ń dín fún un. Sùlé ni orúkọ rẹ̀. Ó kí bàbá mi tayọ̀tayọ̀, ó béèrè bóyá òun jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Bàbá bi í pé kí ló dé tí kò fi mu omi ìyàwó wọn.

"Mò ń gbààwẹ̀ ni, Bàbá. Oṣù ààwẹ̀ wa la wà."

"Tí o ò wò ó lójú ńkọ́?"

"Ìyàwó oníyàwó ni, Bàbá."

"Tí o ò jókòó?"

"Pákó àwọn èèyàn wà nínú ọkọ̀ mi."

Bàbá mi, tí wọ́n ń gbọ́ ìpè mọ́ṣáláṣí láràárọ̀ ní Ìdànrè, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn aládùúgbò wa ń gbààwẹ̀, fi ọwọ́ bo ojú. Màmá Ofosu rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé sí wọn, ikọ́ náà kò sì tètè lọ. Nígbà tó lọ, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Lọ́dún tó kọjá, mo ránṣẹ́ pé ẹ wá jẹ iṣu tuntun," ni wọ́n wí. "Ẹ ò wá. Mo ránṣẹ́ pé ẹ wá bá mi ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Káyọ̀dé tó wà nítòsí gan-an ò wá. Ó wá jẹ́ pé òkú mi lẹ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀."

Láti fi ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, Màmá mi tú búbà náà jáde, wọ́n gbọn ẹrẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n ní kí ìyá wọn wọ̀ ọ́ wò. Wọ́n wọ̀ ọ́. Èjìká rẹ̀ yẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́. Apá rẹ̀ gba apá méjì Màmá Ofosu, àyè sì tún kù. Abẹ́ aṣọ tó fẹ̀ yẹn ni a ti wá rí i bí wọ́n ti rù tó: eegun ọrùn, ọwọ́ tó ti di igi. Ìwọ̀n ọdún méjì sẹ́yìn ni màmá mi gbé lọ fún aránṣọ. Wọ́n di etí aṣọ náà mú, wọn kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sunkún. Bàbá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí Bàbá dúró.

A gbé Màmá Ofosu padà wá sí Ìdànrè ní ọjọ́ Àìkú. Ní Oǹdó, Ìyá Bísí kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n sì ní kí wọ́n mú búbà wá kí àwọn dín in kù. Màmá mi kọ̀. Ilé wa ni Màmá Ofosu ti gba ìwòsàn, ilé wa ni wọ́n ti wẹ àbúrò mi nígbà tí wọ́n bí i ní ayọ̀ àti àlàáfíà, ọlọ ata wọn sì bá ti màmá mi dún láràárọ̀. Nígbà tí ó fi di Kérésì, búbà náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn mu. Nígbà tí wọ́n kú lóòótọ́, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a kò rán ẹnikẹ́ni sí màmá mi, nítorí ọwọ́ wọn ni ìyá wọn wà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, olùkọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín bí olùkọ́. Bí wọ́n bá ní ara ẹni yín kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ẹ lọ. Bí wọ́n bá ní ara rẹ̀ le, tí ó kàn ní kí ẹ wá jẹ iṣu, ẹ tún lọ. Ẹ má máa ti orí pe ìwọ̀n ènìyàn tó wà láàyè.